Àsùnwọ̀n Òyìnbó àti Irun Kànga

Kí Elédùmarè má jẹ́ kí a bá ohun tí kò ní gbòǹgbò wọ̀jà, nítorí a kò ní mọ ibi tí a ó ti dì í mú. Ẹni tó bá ṣe àmín, kó fìdí mọ́lẹ̀ kó gbọ́.

Ọdún náà ni àwọn ṣọ́jà ń fi kòbókò kọ́ ará Èkó bí a ṣe ń tò sórí ìlà. Omi ẹ̀rọ ń ṣe ségesège ní Fẹ́sítáàkì, ẹni tó bá ní kànga lẹ́yìnkùlé sì ti di ọba kékeré. Ìgbà náà ni ọwọ́ Sùrájù, ọkọ Àjíkẹ́, ròkè, nítorí iṣẹ́ kànga ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń gbẹ́ tuntun, ó sì ń wọ inú èyí tó ti gbó láti kó ẹrẹ̀ ìdí rẹ̀, kó sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ara ògiri rẹ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, géńdé tí èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ. Òun àti Àjíkẹ́ ń gbé yàrá kan ní Àmúwò, wọn kò tíì bímọ, ṣùgbọ́n ìfẹ́ wọn kò gbẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni Sùrájù wọlé láìdé fìlà, tí eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Oòrùn ń mú lóde débi pé ajá ń wá abẹ́ mọ́tò sá sí.

"Olówó orí mi, òtútù wo nìyí?" Àjíkẹ́ sáré mú aṣọ bò ó. "Kànga ta lẹ wọ̀ lónìí?"

"Ti Àlájà Wòsílátù, onílẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Kànga ìyá ìyá wọn ni. Irun kan wà lára ògiri ẹ̀, Àjíkẹ́! Ewé ni o, àmọ́ mi ò mọ ohun míì tí mo lè pè é ju irun lọ. Tútù, múlọ́múlọ́ bí orí ọmọ tuntun. Àlájà ní kí n rọra ha á, kí oòrùn má rí i. Wọ́n ní kí n fi fìlà mi bò ó gòkè."

"Fìlà orí yín?"

"Àgbàlagbà ló ní kí n ṣe é. Ṣé kí n máa bá ìyá arúgbó jiyàn nítorí fìlà?"

"Fìlà ọ̀hún dà?"

"Wọ́n láwọn á bá mi fọ̀ ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Àjíkẹ́ náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọkọ rẹ̀ jáde tán, ó tún padà dún lẹ́ẹ̀kejì láti inú àyà rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ju òkúta sí omi tó jìn.

*

Ní ìsàlẹ̀ Àmúwò, nínú ìyẹ̀wù tí kò ní fèrèsé, Àlájà Wòsílátù ṣí fìlà náà wò. Ohun inú rẹ̀ ń mí.

Múrítàlá, ọmọ kan ṣoṣo tí ikú fi sílẹ̀ fún un, sùn gbalaja sórí ẹní. Ó ti pẹ́ tí ara ọmọ náà ti ń domi, tí egungun rẹ̀ ń yọ bí òpó àtíbàbà. Ìyá rẹ̀ gbé fìlà lé e láyà. Ó fẹnu kan etí fìlà, ó pe orúkọ ẹni tó dé e gbẹ̀yìn, ó pè é jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń pe ọmọ rẹ̀ wálé jẹun.

"Má bínú sí mi, ọmọ ọlọ́mọ," ni ó wí. "Àbíkú sọ olóògùn dèké, èmi náà ti sọ ara mi di nǹkan tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Múrítàlá lajú. "Màmá, ebi ń pa mí."

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún.

*

Láti ọjọ́ náà ni ilé Àjíkẹ́ ti di ilé omi. Aṣọ tó sá, tó gbẹ ganrínganrín, bó bá gbé e wọ yàrá, á rọ. Ìṣáná kì í tàn níbẹ̀ mọ́. Búrẹ́dì tí wọ́n rà láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti bu. Sùrájù kì í fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kan òun. Ògiri ló máa ń kọjú sí, á gbé etí lé e, á ní òun ń gbọ́ bí korobá ṣe ń lu omi nísàlẹ̀. Yàrá tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ nǹkan kan sí abẹ́ rẹ̀ rí!

Àǹtí Bernice, aládùúgbò wọn tó ń rán aṣọ lójúde, ni ẹni àkọ́kọ́ tó fẹnu kàn án.

"Ìyàwó, ṣé inú bàsíà ni ọkọ ẹ ń sùn ni? Gbogbo kọ́rídọ̀ ló ń rùn bí ìdí àmù."

"Ibà ni, Àǹtí."

"Ibà kẹ̀? Ibà kì í fi ewé kọ́ èèyàn lọ́rùn o. Lọ wo ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀, kó o padà wá bá mi."

Àjíkẹ́ lọ wò ó. Lẹ́yìn ọrùn Sùrájù, níbi tí irun orí ti ń parí, nǹkan tútù kan ti hù níbẹ̀, ó dúdú bí aró, ó mọ níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ó fi èékánná ha á. Ó bọ́. Kò ṣẹ̀jẹ̀. Ó yíjú láti wá rágì, ó tún bojú wẹ̀yìn, ó ti padà síbẹ̀.

Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà wò ó títí, ó ní òun kò rí àrùn kankan, àfi pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tutù ju bó ṣe yẹ lọ. Àǹtí Bernice pòṣé. "Mo jẹ́ ọmọ ìjọ o, ẹ má pe orúkọ mi síbẹ̀, àmọ́ bàbá kan wà ní Sátẹ́láìtì Táùn, Ògúnjìmí ni wọ́n ń pè é. Ẹnu ẹ̀ dà bí abẹ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ mọ ewé."

*

Bàbá Ògúnjìmí kò bi wọ́n ní ìbéèrè púpọ̀. Ó ha díẹ̀ nínú nǹkan ọrùn Sùrájù sínú ewé kókò. Ó wò ó, ó sì wú ikọ́ títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Kànga ta ni?"

Àjíkẹ́ sọ fún un.

"Wòsílátù! Mo mọ̀. Ọ̀gá kan náà ló kọ́ èmi àti ẹ̀." Ó dìde, ó lọ já ẹ̀ka kan wá láti ẹ̀yìnkùlé, ó gbé e sọ́wọ́ ọ̀tún Àjíkẹ́, ó gbé ewé kókò sọ́wọ́ òsì rẹ̀. "Ọjọ́ tí ọ̀gá wa fẹ́ kú, ó gbé méjèèjì yìí síwájú wa, ó ní kí kálukú mú ọ̀kan. Wo èyí tí mo mú. Kí lo mọ̀ ọ́n sí?"

"Àsùnwọ̀n òyìnbó ni, bàbá. A fi ń wo làpálàpá nílé wa."

"O káre. Igi kúkurú, ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ló fẹ́ràn. Ó ní gbòǹgbò, ó ní ẹ̀ka. Bí inú ẹ̀ bá dùn, gbogbo ayé á mọ̀, òdòdó ẹ̀ á dúró ṣánṣán bí àbẹ́là tí wọ́n tàn. Bó ń ṣàìsàn, ewé ẹ̀ á pọ́n. Tí ilẹ̀ bá ṣú, á pa ewé dé, á sùn. Tílẹ̀ bá mọ́, á là á. Èèyàn ni. Ìwà tèmi tìẹ ló ń hù." Ó tọ́ka sọ́wọ́ òsì Àjíkẹ́. "Wo èyí tí Wòsílátù mú. Irun kànga. Kò tanná rí, kò so rí, kò ní gbòǹgbò. Ó kàn ń lẹ̀ mọ́ nǹkan ni. Níbi tó bá ti rí ara èèyàn, ògiri lara èèyàn lójú ẹ̀."

"Kí a gbé e sóòrùn, bàbá, ṣé kò ní kú?"

Bàbá nawọ́ sórí àjà. Ó tú aṣọ àkísà kan, ó mú eruku dúdú kan jáde nínú rẹ̀. "Ọ̀gá wa ló ha èyí, kí wọ́n tó kọ́ ilé kan ṣoṣo ní Fẹ́sítáàkì. Láti ìgbà náà ló ti wà lórí àjà, níbi tí ooru ti ń sun nǹkan." Ó fọ́n omi ẹnu rẹ̀ lé e. Àjíkẹ́ ń wò ó. Eruku náà yíra padà, ó na ara, ó tutù, ó sì ń dán bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun.

Sùrájù, tó fara ti ògiri, mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bu omi fún.

"Èwo ló wá lágbára jù?" ni Àjíkẹ́ bi í.

"Èyí tó ń tanná là ń kí. Èyí tí kì í tanná ló ń sin òkú wa."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi mú èyí tó lè kú?"

"Torí ohun tó lè kú nìkan ló mọ̀ bí ikú ṣe ń dunni, ọmọ mi. Òun nìkan ló lè ṣàánú." Ó ṣa ewé àsùnwọ̀n sínú omi ìwẹ̀. "Màá kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn wò. Bí Wòsílátù bá gbọ́, a ó mọ̀."

*

Wọ́n wẹ̀ fún Sùrájù. Lọ́jọ́ kejì ó jáde sí oòrùn, ó jẹ ẹ̀bà, ó sì kí ìyàwó rẹ̀ bó ṣe máa ń kí i: "Àjíkẹ́, òwú tó la òfì kọjá tó di ẹ̀wù ọba!" Àǹtí Bernice jó láti ìdí máṣíìnì rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, nísàlẹ̀ Àmúwò, Múrítàlá ṣubú lulẹ̀ nínú àgbàlá. Wòsílátù sáré ṣí fìlà. Etí irun kànga ti pọ́n bí ewé tí iná rà.

"Ògúnjìmí," ni ó wí, bí ẹni tó rí ọ̀rẹ́ àtijọ́. "O ṣì wà láyé."

Ó lọ sí ẹnu kànga ìyá ìyá rẹ̀, ó fi ohùn sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, kì í ṣe ara. Ó ń pọfọ̀ sínú òkùnkùn ibẹ̀ pé:

"Ohun tí kò ní gbòǹgbò, ìjì kò rí i fà.
Ohun tí kò ní òdòdó, oyin kò rí i bà lé.
Ògiri kì í bá irun rẹ̀ jà.
Ẹni tí mo fi ṣe ògiri, kó dúró bí ògiri."

Nígbà tí oòrùn fi wọ̀, Sùrájù kò lè gbé orí mọ́. Ewé tútù náà ti dé èjìká rẹ̀.

*

"Ó gbọ́," ni Bàbá Ògúnjìmí wí. Ojú rẹ̀ ti wọnú. "Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Èyí tí mo lò, ọwọ́ mi ló gbìn ín. A nílò èyí tí ọwọ́ ènìyàn kò gbìn. Ọ̀kan wà létí gọ́tà ńlá tó gba ẹ̀yìn Tíréèdì Féà. Ní ìdájí, bó bá ṣe ń la ewé ẹ̀ báyìí, já a. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó o bá ti jí, títí wàá fi lẹ ewé náà mọ́ ọrùn ọkọ ẹ, ọ̀rọ̀ ò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu ẹ. Bí wọ́n kí ẹ, má dáhùn. Bí wọ́n bú ẹ, má dáhùn. Inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni irun kànga ti ń dàgbà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ la fi ń mú un."

"Bí mo bá ṣìṣe ńkọ́?"

"Igi yẹn kì í dá ẹnì kan lóhùn lẹ́ẹ̀mejì."

Àjíkẹ́ dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. "Bàbá, ta ni Àlájà ń ṣe gbogbo èyí fún?"

"Ọmọ ẹ̀ ń kú. Àrùn kì í kú, ilé ló ń pààrọ̀."

"Bí ọkọ mi bá yè, ọmọ wọn ńkọ́?"

Bàbá Ògúnjìmí fi ojú wá tábà rẹ̀ títí Àjíkẹ́ fi jáde.

*

Àjíkẹ́ jí, ó fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Ọkàn ló fi gbàdúrà: Ọlọ́run tó fún adìyẹ tí kò ní ọmú lọ́mọ tó là, là mí.

Àǹtí Bernice ti ń gbálẹ̀. "Ìyàwó, ẹ kú àárọ̀! Báwo lara ọkọ wa?" Àjíkẹ́ kọjá. "Há! Ṣé èmi náà ló ń ṣe báyìí sí?" Ó ṣì kọjá. Ní ẹ̀gbẹ́ Àpùlù Jọ́ńṣìn, agbèrò kan tó ń wá èrò sínú bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ké sí i: "Sísí, ibo lò ń lọ tójú ẹ le báyìí? Ṣé wọ́n gba ọkọ ẹ ni?" Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ń lọ.

Igi náà dúró létí gọ́tà bí ẹni tó ń retí rẹ̀. Òdòdó rẹ̀ gùn, ó tàn yòò nínú ìkùukùu, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ ṣì di mọ́ra wọn. Àjíkẹ́ dúró. Ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ kan orí igi, ewé àkọ́kọ́ là bí ìpéǹpéjú, òmíràn tẹ̀ lé e. Ó na ọwọ́, ó já a, ó fi etí ìró rẹ̀ wé e. Ó gbóná lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbóná bí ara ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń gbóná tẹ́lẹ̀. Ìrètí wọ inú rẹ̀. Ó yíjú sílé.

Obìnrin arúgbó kan dúró láàárín ọ̀nà tóóró náà. Kò mú nǹkan kan lọ́wọ́. Kò so nǹkan kan mọ́ra. Kò tíì bá a sọ̀rọ̀ rí, ṣùgbọ́n Àjíkẹ́ mọ̀ ọ́n.

"Ẹ kú ìdájí o, ìyàwó Sùrájù."

Àjíkẹ́ kúnlẹ̀ díẹ̀, nítorí orúnkún kì í ṣe ẹnu. Kò fọhùn.

"O káre. Ògúnjìmí kọ́ ẹ dáadáa." Àlájà Wòsílátù bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, ohùn rẹ̀ dùn bí ohùn ìyá tó ń rẹ ọmọ:

"Àjíkẹ́, a-jí-rí-ọkọ-rẹ́rìn-ín,
ọmọ ahunṣọ tí kì í wọ àkísà,
ọmọ a-ta-òwú-bí-ọ̀run-ṣe-ń-ta-òjò.
Ọmọ tí a kì tí orí rẹ̀ ń wú,
ṣé orí rẹ kò wú ni?"

Orí Àjíkẹ́ wú. Gbogbo irun ara rẹ̀ dìde. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé ẹni tí a kì tí kò jẹ́, òkú ni. Ó fi eyín di ahọ́n rẹ̀ mú títí ó fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Kò fọhùn.

"Ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé! Bóyá òkúta ló bí ẹ!"

Omijé ń dà lójú rẹ̀. Kò fọhùn. Ó gba ẹ̀gbẹ́, ó fẹ́ kọjá.

Ìgbà náà ni Àlájà Wòsílátù tú gèlè. Orí rẹ̀ funfun bí òwú. Ìyá tó lè bí ìyá Àjíkẹ́, onílẹ̀, ọmọ onílẹ̀, ó tẹ eékún rẹ̀ méjèèjì sínú ẹrẹ̀ gọ́tà, ó kúnlẹ̀ fún ọmọ kékeré.

"Mo bẹ̀ ẹ́," ni ó wí. Ẹ̀tàn ti kúrò lóhùn rẹ̀. "Òun nìkan ló kù fún mi. Mo bẹ̀ ẹ́, ìyá mi."

"Yéè! Èèwọ̀! Ẹ dìde, màmá! Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi!"

Ohùn ta ni? Àjíkẹ́ wò yíká kó tó mọ̀ pé tòun ni. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lábẹ́ abíyá arúgbó, ó ti ń fà á dìde, nítorí kò sí ọmọ tí a bí ire tí yóò dúró kí àgbà máa kúnlẹ̀ fún un, kí ilẹ̀ má baà là gbé e mì. Nínú ìró rẹ̀, ewé náà ń mì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó tú u wò. Oòrùn ti yọ, ilẹ̀ ti mọ́ kedere, ṣùgbọ́n ewé kọ̀ọ̀kan ń pa ara rẹ̀ dé, ìkan tẹ̀ lé ìkan, bí ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú.

Àwọn obìnrin méjèèjì dúró, wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń sunkún.

"Má bínú," ni Wòsílátù wí. "Èmi náà bímọ ni."

*

Àjíkẹ́ ṣì sáré délé. Ó ṣì lẹ ewé náà mọ́ ọrùn Sùrájù, ó di ọwọ́ mọ́ ọn, ó pe gbogbo orúkọ tí ó mọ̀ tí Ọlọ́run ń jẹ́. Ewé tutù ni, ewé lásán. Sùrájù ń wò ó láti ibi tó jìn.

"Àjíkẹ́, fa okùn," ni ó wí.

Kò sí okùn. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á, ó ń fà á títí Àǹtí Bernice fi wọlé tó já ọwọ́ rẹ̀ gbà, tó fi aṣọ bo ojú ọkùnrin náà. Nígbà tí àwọn tó wẹ òkú tú u síhòòhò, ara rẹ̀ mọ́, ó gbẹ. Kò sí nǹkan kan lọ́rùn rẹ̀ rárá.

Òjò lọ, ẹ̀ẹ̀rùn dé. Àjíkẹ́ ń ta gáàrí ní Àpùlù Jọ́ńṣìn nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin kan gba inú èrò wá, tó dán, tó sanra, tí oòrùn ń ta sí i lọ́rùn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú igbá rẹ̀.

"Ẹ kú ọjà, mà. Ẹ ò lè mọ̀ mí. Múrítàlá lorúkọ mi, ọmọ Àlájà Wòsílátù. Wọ́n ní níbikíbi tí mo bá ti rí yín, kí n dọ̀bálẹ̀ kí yín, títí láé. Wọn ò sọ ìdí ẹ̀ fún mi."

Àjíkẹ́ wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ níbi tó na ara sí nínú eruku. Ó di eyín. Ó rò ó pé lónìí, òun kò ní fọhùn. Kí ó dúró síbẹ̀. Kí ó pẹ́ níbẹ̀.

Àwọn ènìyàn ti ń wò wọ́n.

"Dìde, ọmọ mi," ni ó wí. "Bá mi kí wọn nílé."